Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún

Oṣù méje ni Tòún fi wúkọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, ẹni tó wá bi í náà, ìbínú ló fi bi í. Àlàájà Sàúdátù, ìyá ọkọ rẹ̀, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Ìbàfò, tó ní kí ló dé tí ìyàwó òun ń wúkọ́ sí àwọn oníbàárà létí. Ó ní àbí ó fẹ́ kí wọ́n rò pé àìsàn ló wà nínú oúnjẹ tí àwọn ń tà ni.

Ẹnu ẹ̀rọ ni Tòún máa ń dúró sí. Òun ló ń da àgbàdo, sóyà, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀pà tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán sínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ a máa bú ramúramù, eruku a sì máa gbọ̀n jáde, a bo irun rẹ̀, a bo ìpéǹpéjú rẹ̀, títí tí ọmọ rẹ̀ Ikram, ọmọ ọdún mẹ́ta, fi máa ń pè é ní Ìyá Arúgbó bó bá délé. Wọn kì í bo imú níbẹ̀. Àlàájà ti kà á léèwọ̀, torí pé oníbàárà tó bá rí òṣìṣẹ́ tó fi aṣọ bo imú, á ní májèlé ni wọ́n ń lọ̀. Àwọn ọlọ́sìn adìẹ láti Ọbáfẹ́mi títí dé Ifọ̀ ló ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹyọ kan sá.

Ẹ má ṣì í mú o, Àlàájà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọdún méjìlélógún lòun fúnra rẹ̀ fi dúró lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, ibẹ̀ ló ti rí Mẹ́kà lọ. Ohun tí kò pa òun, kò rí ìdí tí yóò fi pa ọmọ ẹlòmíì. Irú wọn pọ̀ láyé: wọ́n ti jìyà, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ kí tìrẹ má bàa dín sí tiwọn.

Ọlágòkè, ọkọ Tòún, ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn oníbàárà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ìyá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, a máa wo ilẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, a máa wo fóònù.

Nígbà tó di pé Tòún kò lè gbé Ikram gun àtẹ̀gùn mọ́ láìjókòó sinmi, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Mowé. Dókítà ibẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéṣọlá, gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní àyà náà ń súfèé. Ó bi í nípa iṣẹ́ tó ń ṣe, ó yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, kò rí aràn kankan. Ó wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kó jókòó de òun, òun fúnra òun lòún máa kà á.

Ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fà á kó lè tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó da aró lé e, ó ṣàn án, ó gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní kí Tòún náà wá wò ó. Tòún fi ojú kan wò, ó sì rí àwọn nǹkan róbótó tó pọ̀ lọ súà. Láàárín wọn ni ọ̀kan wà tí hóró pupa wínníwínní kún inú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ta epo pupa sórí gàrí.

“Eosínófìlì ni wọ́n ń pe ìyẹn,” ni dókítà wí. “Aró pupa kan wà tó ń jẹ́ eosíìnì, aró tó ní ásíìdì nínú ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yòókù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á mọ́ra, ṣùgbọ́n èyí, bó bá ti kàn án, á mu ún yó. Ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn, pé ó fẹ́ràn eosíìnì. Tí mo bá ka ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì funfun lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹyọ kan sí márùn-ún ló yẹ kó jẹ́ irú rẹ̀. Tí aràn bá wà nínú, wọ́n á pọ̀. Tí nǹkan tí ara kórìíra bá ń gba imú wọlé lójoojúmọ́, wọ́n á pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka tiyín. Mẹ́tàlélógún ni.”

Ó ní ásímà ni, eruku ibi iṣẹ́ ló sì ń bọ́ ọ. Ó kọ lẹ́tà pé Tòún kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ẹ̀rọ náà mọ́, ó kọ mẹ́tàlélógún sínú rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Inú Tòún dùn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn àìsàn o, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń pè ní ọ̀lẹ láti oṣù méje, bó bá rí nǹkan kan ṣoṣo tó lè gbèjà rẹ̀, ó yẹ kó dì í mú. Mẹ́tàlélógún, mẹ́tàlélógún, ló ń wí lábẹ́lẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ títí ó fi dé Ìbàfò.

Àlàájà kò mọ̀wé kà. Ó ní kí Ọlágòkè ka lẹ́tà náà fún òun. Nígbà tó kà á tán, ìyá rẹ̀ ní ta ni ọmọdé tó kọ ọ́, ta ló mọ̀ bóyá dókítà náà àti Tòún jọ lọ sílé ìwé ni. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀jẹ̀, ibi tí àgbà ti ń ṣe é ni kí wọ́n lọ ṣe é, ìyẹn láàbù Ṣàràfá lẹ́yìn ọjà.

Kò sí ẹni tí kò mọ Ṣàràfá ní Ìbàfò. Ọdọọdún, kí oṣù àwẹ̀ tó wọlé, gbogbo ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù ló ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gba èsì, wọ́n á mú un wá sípàdé, wọ́n á máa fi han ara wọn bí ẹni ń fi fọ́tò ọmọ-ọmọ yangàn. Àlàájà ni baba ìsàlẹ̀ ètò náà. Òun ló ń kó wọn lọ, òun náà ló sì mú Tòún lọ. Ṣàràfá fa ẹ̀jẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, ìwé jáde. Eosínófìlì, méjì.

Àlàájà kò pariwo. Ó fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó ń dúró de ọjọ́ Sátidé tí oníbàárà máa ń pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ mẹ́fà ti tò síta, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ó pe Adébánjí tó ń gbé àpò, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, ó pe Ọlágòkè náà kúrò nídìí ọkọ̀. Ó ní kí Tòún kúnlẹ̀ síwájú òṣùwọ̀n, kó ka ìwé náà sókè.

“Ibi tí dókítà rẹ fi ń bú wa yẹn ni kó o kà.”

“Eosínófìlì,” ni Tòún kà, “méjì.”

“Méjì nínú èló?”

“Nínú ọgọ́rùn-ún, Màmá.”

Àlàájà yíjú sí àwọn oníbàárà. “Ẹ ti gbọ́. Ara ìyàwó mi le ju tèmi lọ. Ìwà ló kù tí a máa bá a wá oògùn sí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọlágòkè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo táyà ọkọ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí táyà láyé rẹ̀. Tòún bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ pé kó má bínú, nítorí ohun tí wọ́n ń dúró dè nìyẹn kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ padà. Lẹ́tà dókítà Mowé, Àlàájà ká a sí mẹ́rin, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n tó ti ń mì láti ọjọ́ yìí, òṣùwọ̀n sì dúró dáadáa.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Tòún ní Ìyá Méjì. Bó bá wúkọ́, Adébánjí á máa bá a kà á láti ìdí àpò tó ń rán, á ní ọ̀kan, á ní méjì, á ní ó ti pé, ó tó. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé Tòún fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ń purọ́ ni, bóyá ìwà ọ̀lẹ lè wọ èèyàn lára débi tí yóò fi máa dún fíì láyà.

Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ṣàràfá nìyẹn. Ó fẹ́ wo gíláàsì tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí àwọn onípupa méjì yẹn fúnra òun, tí òun bá ti rí i, ọkàn òun á balẹ̀, òun á sì máa ṣiṣẹ́ òun lọ.

Ṣàràfá wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní gíláàsì wo?

“Ta ló ń ka ìyẹn, Ìyá Ikram? Ẹ̀rọ tí a ní níbí ò lè yà á sọ́tọ̀. Méjì la máa ń kọ fún gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tí méjì ń pa.”

Ó tilẹ̀ ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ èsì sí fún un. Tòún fi ìka tọ ìlà náà láti òkè délẹ̀: Ìbíwùnmí, méjì, Hikmah, méjì, aláboyún, ọmọ ọwọ́, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, méjì, méjì, méjì. Ìgò aró eosíìnì wà lórí pẹpẹ. Ó ti gbẹ, ìdí rẹ̀ ti di èèpá dúdú, aláǹtakùn sì ti ta okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣàràfá kò tijú. Ká ní ó tilẹ̀ tijú ni, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀nà kúkúrú ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Tòún bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sọ ohun tó sọ yìí fún Àlàájà, ó pa ìwé dé, ó ní Àlàájà ló ń kó ìdajì àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ òun wá, òun ò lè fọwọ́ ara òun ba jíjẹ mímu òun jẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọlágòkè. Ọlágòkè gbọ́ ọ, kò sì jiyàn. Èyí gan-an ló dun Tòún jù. Ó gbà pé òótọ́ ni.

“Ṣé o fẹ́ kí n wá sọ fún Màmá pé irọ́ ni ìwé tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń gbé kiri?” ló wí. “Fi í sílẹ̀, Tòún. Ṣáà máa mí díẹ̀díẹ̀.”

Ó sì ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó mí i fún oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ló ṣubú. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń lọ̀, oníbàárà kan láti Ifọ̀ sì ń dúró de àpò ogún. Tòún da agbọ̀n kan sínú ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ sí èkejì, ọwọ́ náà kò sì dé ibẹ̀. Àlàájà ní ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fà á sórí àpò òfìfo, kí Adébánjí bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, kí wọ́n parí iṣẹ́ oníbàárà ná. Àpò mọ́kànlá ló kù.

Tòún wà nílẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń di dúdú bí ti ẹni jẹ àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n, ó sì ń gbọ́ ohun gbogbo. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ju àpò sókè ọkọ̀, gbì. Afẹ́fẹ́ kún inú ilé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbà láti wọ àyà rẹ̀. Ó ń ka àpò náà torí pé kò sí nǹkan mìíràn tó lè ṣe. Nígbà tó ka méje, oníbàárà náà fúnra rẹ̀, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, tí kò sì tún padà rí mọ́ láéláé, ní òun ò ra èyí tó kù mọ́. Ó gbé Tòún sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín oúnjẹ adìẹ, ó sì sáré gbé e lọ sí Mowé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi fẹ́ oògùn sí i nímú níbẹ̀. Dókítà Adéṣọlá pe Ọlágòkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí obìnrin yìí bá tún dúró lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn, kó má wulẹ̀ gbé e wá sọ́dọ̀ òun mọ́, kó máa wá àwọn tí yóò gbẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ba Ọlágòkè lẹ́rù débi pé ó délé, ó sì la ẹnu níwájú ìyá rẹ̀, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Bí Tòún ṣe di ẹni tó ń jókòó síwájú nídìí òṣùwọ̀n nìyẹn. Wọ́n fún un ní àga, ó sì fi ìnélà, ike oògùn àfàsímú tí dókítà fún un, sínú àpò kékeré tó so mọ́ ìdí.

Adébánjí ti lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó fi ẹnu ka ikọ́, nígbà tó rí ètè dúdú yẹn, ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí bá a níbẹ̀. Ẹni méjì tí wọ́n gbà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí èyí tó lò ju ọjọ́ mẹ́wàá. Àlàájà bá fi gèlè di inú, ó ní kí gbogbo wọn bìlà, kí òun fi bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta padà sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń da àgbàdo, ó ń wo Tòún lórí àga, ó ń kọ orin òwe.

Kò tó oṣù mẹ́rin tí orin náà fi ń já lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń wúkọ́ sínú ìborùn kí wọ́n má bàa gbọ́. Lẹ́yìn náà ló di pé bó bá forí kanlẹ̀ níbi ìrun, kì í lè dìde lẹ́sẹ̀kan náà, á dúró bẹ́ẹ̀, á máa wá èémí. Tòún ń wò ó láti yàrá kejì. Ó mọ ohun tó ń dún nínú àyà yẹn. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìbàfò.

Àlàájà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ta ni yóò tún lọ bá, bí kò ṣe Ṣàràfá? Ọjọ́ tó gba èsì, Ọlágòkè wà lọ́nà Ọbáfẹ́mi pẹ̀lú ẹrù, Àlàájà kò sì fẹ́ kí ará ìta ka ọ̀rọ̀ ara òun. Ó wá jókòó sórí àpò sóyà kan níwájú òṣùwọ̀n, ó sì na ìwé náà sókè sí Tòún.

“Ìyá Ikram, jọ̀ọ́, bá mi kà á.”

Jọ̀ọ́. Ọdún márùn-ún tí Tòún ti wà nínú ilé yẹn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó gba ìwé. Ó ka ti ìpele ẹ̀jẹ̀, ó ka ti ibà. Ẹ̀rù ń ba ìyá náà, ó hàn nínú bó ṣe di etí àpò mú. Àánú rẹ̀ ṣe Tòún, ẹ má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é gan-an. Kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ tó yẹ kó sọ: pé Ṣàràfá kì í ka nǹkan kan, pé kí wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mowé, pé kí Àlàájà má padà sẹ́nu ẹ̀rọ yẹn lónìí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wolẹ̀ láti wá bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n, lára bébà tí wọ́n ká sí mẹ́rin, tí ìdọ̀tí ti sọ di dúdú.

“Ibi pupa yẹn ńkọ́?” ni Àlàájà bi í. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Èyí tí dókítà rẹ sọ nígbà náà.”

“Méjì ni, Màmá.”

“Nínú èló?”

“Nínú ọgọ́rùn-ún.” Tòún ká ìwé náà, ó dá a padà fún un tọwọ́tọwọ́. “Ara yín le ju tèmi lọ.”

Àlàájà mí kanlẹ̀, èémí náà súfèé bó ṣe ń jáde. Ó ní Alihamudulilahi. Ojú rẹ̀ tún padà sí bó ṣe máa ń rí. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò nídìí, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọjọ́ orí lásán ni, pé iṣẹ́ kì í pa ọmọ Ẹ̀gbá. Ó so ìborùn rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó sì gba ẹnu ẹ̀rọ lọ.

Oníbàárà kan ti dúró. Tòún fa ìnélà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà sínú àpò, ó wo ìwé ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ rà.

“Màmá,” ó ké sí i sẹ́yìn, “àpò mọ́kànlá ni o. Ẹja gbígbẹ.”

Ẹ̀rọ bú. Láàárín ariwo rẹ̀, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Tòún gbé ohun ìwọ̀n sórí òṣùwọ̀n, ó sì ń ka ikọ́ náà lábẹ́lẹ̀. Ọ̀kan. Méjì.